Agbọ́n Ọ̀tìgbà àti Àwọn Ìwà Rẹ̀ Tó Ń Rúni Lójú

Computer Village ní Ìkẹjà kò fi bẹ́ẹ̀ ní igi, oko ò sì sí nítòsí rẹ̀. Èèyàn, fóònù, jẹnẹrétọ̀ àti páálí ló kún ibẹ̀. Síbẹ̀, agbọ́n ò kúrò níbẹ̀. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn pátákó tí wọ́n kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù sí, abẹ́ àtẹ̀gùn, ẹnu páìpù tí omi ẹ̀rọ amúlétutù ń gbà jáde, ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọn ò lò mọ́: ó ti kọ́lé síbẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ta kókó. Ilé gbígbé ló wà tẹ́lẹ̀ ní òpópónà Ọ̀tìgbà, Ọlá Ayẹni àti Pepple, níbi tí ọjà yìí wà. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìsàlẹ̀ ilé, ó gba òkè, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì gba ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Èèyàn yí iṣẹ́ ilé padà, ṣùgbọ́n òrùlé, igun ògiri àti ihò ìṣó wà níbi tí wọ́n wà. Ohun tí agbọ́n ń wá kò ju ìyẹn lọ.

Pé agbọ́n wà kọ́ ló ń ya ará ọjà lẹ́nu. Ìwà rẹ̀ ni. Kí ló dé tó fi ń rẹ́ amọ̀ dí ihò tí òun fúnra rẹ̀ kò ní gbé? Kí ló fẹ́ fi alántakùn tó ń gbé wọlé ṣe, nígbà tí kò sẹ́ni tó rí i kó jẹ ẹ́? Bó bá fẹ́ jáde, kí ló dé tó fi ń kọjú sẹ́nu ọ̀nà, tó ń fì sọ́tùn-ún fì sósì, kó tó lọ? Wọ́n ti ha ilé rẹ̀ kúrò lára ògiri tán, kí ló tún ń rẹ́ sójú ibẹ̀? Kí ló dé tí ọ̀kan fi ń kọjá létí ẹni láìṣe nǹkan kan, tí òmíràn á sì léni dé òpópónà? Àwọn kan á ní àmì oríire ni, àwọn mìíràn á ní ẹnì kan ló rán an wá. Gbogbo ìbéèrè yìí ló ní ìdáhùn, ìdáhùn náà sì rọ̀ mọ́ ohun méjì: oúnjẹ tí ìyá agbọ́n yìí fi ń bọ́ ọmọ, àti ibi tó fẹ́ tọ́ ọmọ náà sí.

Adáṣe àti alájọgbé

Oríṣi agbọ́n tí àwọn onímọ̀ ti fún lórúkọ lágbàáyé lé ní 100,000. Àwọn tó ń gbé pọ̀ nínú ilé kan kò tó nǹkan láàárín wọn. Èyí tó pọ̀ jù ni adáṣe: ìyá kan ṣoṣo, kò ní olùrànlọ́wọ́, kò ní ẹ̀ṣọ́, òun nìkan ló ń kọ́lé, tó ń dọdẹ, tó ń yé ẹyin, tó sì ń tilẹ̀kùn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ oró ti yàtọ̀. Irinṣẹ́ ọdẹ ni oró jẹ́ fún adáṣe. Bó bá fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu láti gbèjà ìṣù amọ̀ kan, tó sì kú, kò sẹ́ni tó máa parí iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, sísá ló máa ń sá. Èèyàn ní láti fọwọ́ mú un tàbí kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó ta á. Ti alájọgbé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyin, ìdin àti ọ̀pọ̀ arábìnrin ló wà nínú ilé rẹ̀, bí ọ̀kan bá kú sẹ́nu ìjà, àwọn yòókù á máa bá iṣẹ́ lọ. Òun ló ń ṣọ́lé, òun náà ló ń léni. Akọ agbọ́n kò lè ta ẹnikẹ́ni rárá, torí pé ara ohun tí abo fi ń yé ẹyin ni abẹ́rẹ́ oró ti jáde. Agbọ́n sì yàtọ̀ sí oyin: abẹ́rẹ́ oyin a máa há sí ara ẹni tó bá ta, ti agbọ́n ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì lè ta èèyàn léraléra.

Amọ̀, alántakùn àti ẹran tí kì í rà

Adáṣe tó gbajúmọ̀ jù nínú ilé ní Áfíríkà ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sceliphron spirifex. Dúdú ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìyeyè, ìbàdí rẹ̀ sì tín-ín-rín bí ẹni pé yóò já. Ẹni tó bá dúró sẹ́bàá ibi tí omi ẹ̀rọ amúlétutù ń kán sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà lè rí i lẹ́nu iṣẹ́. Yóò bà sórí ilẹ̀ tó rin, yóò dorí kodò, yóò gbé ìdí sókè, yóò sì máa fi ẹnu yí amọ̀ títí yóò fi di ìṣù kékeré kan. Ó gbé e, ó di ara ògiri. Níbẹ̀, èèyàn á gbọ́ ohùn rẹ̀ kó tó rí i: ó ń kùn gan-an bó ṣe ń rẹ́ amọ̀ náà, torí pé gbígbọ̀n ara rẹ̀ ló ń mú kí amọ̀ rọ̀, kó tẹ́, kó sì lẹ̀. Ó lè lọ kó bọ̀ ju ogún ìgbà lọ kí yàrá kan ṣoṣo tó parí, yàrá náà kò sì ju ìka ọwọ́ ọmọdé lọ.

Yàrá parí, ó di ọdẹ. Alántakùn nìkan ló ń wá, ilé sì jẹ́ ibi tí alántakùn pọ̀ sí. Yóò ta á, yóò gbé e wá, yóò tì í wọlé, yóò tún lọ. Bí yàrá bá kún fún alántakùn, tí ẹyin kan ṣoṣo ti wà lára ọ̀kan nínú wọn, yóò fi amọ̀ dí ẹnu rẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ yàrá mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, yóò rẹ́ amọ̀ ṣákaṣàka bò wọ́n lápapọ̀, á wá dà bí ẹrẹ̀ tí ẹnì kan sọ mọ́ ògiri.

Bí èèyàn bá fọ́ amọ̀ náà nígbà tó ṣì tutù, yóò rí alántakùn mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọn ò mira. Òkú kọ́ ni wọ́n. Oró agbọ́n ti pa ọwọ́ ẹsẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀mí wà lára wọn. Nínú ooru Èkó, òkú alántakùn yóò ti rà kí ìdin tó dé orí rẹ̀, èyí tí ẹ̀mí wà lára rẹ̀ yóò sì máa tutù títí yóò fi kàn án. Fíríìjì agbọ́n nìyẹn, kò sì nílò iná ìjọba. Ìdin yóò jẹ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò ran òwú bo ara rẹ̀, yóò di agbọ́n, yóò sì gbẹ́ ihò róbótó kan jáde. Ìyá rẹ̀ kò ní í mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ojú èèyàn rí nínú gbogbo rẹ̀ ni pé kòkòrò kan wọlé, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn, kòkòrò mìíràn ló sì jáde. Abájọ tí àwọn àgbà fi so ọ̀rọ̀ “jọ mí, jọ mí” mọ́ agbọ́n nínú òwe, bí ẹni pé ó ń fi ohùn kíkùn rẹ̀ bẹ kòkòrò inú amọ̀ náà títí yóò fi jọ ọ́. Yorùbá nìkan kọ́ ló ronú bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn, ọ̀mọ̀wé Yang Xiong kọ ọ́ sínú ìwé pé agbọ́n a máa ké sí ọmọ kòkòrò mìíràn pé kó jọ òun, ó sì ń jọ ọ́. Oníṣègùn Tao Hongjing, tó kú lọ́dún 536, ló tọ́ka sí i pé ẹyin ni agbọ́n ń yé sínú ilé rẹ̀, àti pé oúnjẹ ọmọ ni kòkòrò tó ń gbé wọlé. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú amọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fọ́ ọ wò.

Nígbà mìíràn pàápàá, ẹni tó jáde kì í jọ ẹni tó kọ́lé. Agbọ́n kan wà tí ara rẹ̀ ń kọ mànà ní àwọ̀ ewé àti búlúù, Stilbum cyanurum, tí kì í kọ́ ilé kankan. Ilé onílé ló ń fi ẹyin rẹ̀ sí, ọmọ rẹ̀ a sì jẹ ọmọ onílé mọ́lẹ̀. Ẹni tó ti rí kòkòrò aláràbarà jáde látinú amọ̀ tí agbọ́n dúdú rẹ́ kò rí ìyanu. Olè ló rí.

Ògiri òfìfo àti agboòrùn tí wọ́n ṣí nípò

Ọ̀rọ̀ agbọ́n tó ń rẹ́ amọ̀ sí ojú ibi tí ilé rẹ̀ kò sí mọ́ ti tó ọ̀rọ̀ ìwé láti ayé Jean-Henri Fabre, ará ilẹ̀ Faransé tó gbé ayé láti 1823 sí 1915. Ó yọ ilé agbọ́n alámọ̀ kan kúrò lára ògiri nígbà tí ìyá rẹ̀ ń rẹ́ ìbòrí ìkẹyìn. Agbọ́n náà padà dé pẹ̀lú amọ̀ lẹ́nu, ó bà sí ojú ògiri òfìfo, ó sì ń rẹ́ lọ bí ẹni pé ilé ṣì wà níbẹ̀. Fabre tún kó alántakùn àti ẹyin jáde nínú yàrá kan. Agbọ́n náà ń gbé alántakùn mìíràn wá, nígbà tó sì tó àkókò, ó fi amọ̀ dí ẹnu yàrá tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ohun tí ìyẹn kọ́ wa ni pé iṣẹ́ agbọ́n ní ìpele, ìparí ọ̀kan ló ń ṣí ìkejì sílẹ̀, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ padà sẹ́yìn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n èèyàn kò gbọdọ̀ torí ìyẹn pè é ní òmùgọ̀. Fabre kan náà ló dán agbọ́n tó ń dọdẹ ìrẹ̀ wò. Agbọ́n yìí a máa gbé ìrẹ̀ sẹ́nu ihò, á wọlé lọ yẹ̀ ẹ́ wò, á sì jáde wá fà á wọlé. Bí ó bá ti wọlé, Fabre á sún ìrẹ̀ náà sẹ́yìn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ogójì ìgbà, agbọ́n náà kò dẹ́kun láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn ní ibòmíràn, lẹ́yìn ìgbà méjì tàbí mẹ́ta, ńṣe ni wọ́n gbá ìrẹ̀ náà mú tí wọ́n sì fà á wọlé tààrà. Irú kan náà ni gbogbo wọn, ọgbọ́n wọn ni kò dọ́gba.

Ti pé ó ń kọjú sílé kó tó lọ, Niko Tinbergen ará ilẹ̀ Netherlands ló tú u ní àwọn ọdún 1930, ó sì wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1973 fún iṣẹ́ lórí ìwà ẹranko. Ó fi èso igi páìnì ṣe òbìrípo yí ẹnu ihò agbọ́n kan ká nínú iyanrìn. Agbọ́n náà jáde, ó fò yíká, ó wò ó dáadáa, ó lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, Tinbergen gbé òbìrípo náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àárín èso páìnì ni agbọ́n náà padà sí. Ilé rẹ̀ wà nítòsí, kò rí i.

Ní Ọ̀tìgbà, ohun tó máa ń wà lójú kan láàárọ̀ kì í sí níbẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án. Atúnfóònùṣe á ṣí agboòrùn, á gbé tábìlì síta, á gbé e kúrò bí òòrùn bá yí. Agbọ́n tó ti fi agboòrùn yẹn ṣe àmì yóò padà dé, yóò sì máa yí ká níbi tí agboòrùn wà tẹ́lẹ̀, ní iwájú orí oníbàárà. Oníbàárà á bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọwọ́. Agbọ́n náà kò mọ̀ ọ́n, kò sì bínú sí i. Ọ̀nà ilé ló ń wá.

Ọlọ́dẹ aáyán

Páálí, òkùnkùn àti oúnjẹ tí wọ́n jẹ kù ní ṣọ́ọ̀bù ló ń pe aáyán, aáyán náà ló sì ń pe oríṣi agbọ́n méjì tí àwọn èèyàn kì í mọ̀ sí agbọ́n. Èkíní ni Evania appendigaster. Dúdú kékeré ni, ikùn rẹ̀ rí pẹlẹbẹ, ó sì ń jù ú sókè sódò bí àsíá bó ṣe ń rìn lára ògiri. Inú àpò ẹyin aáyán ló ń yé ẹyin tirẹ̀ sí, ọmọ rẹ̀ a sì jẹ gbogbo ẹyin tó wà nínú àpò náà. Kì í ta èèyàn. Ẹni tó bá rí i ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ó mọ̀ pé aáyán wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì rí ọ̀kan.

Èkejì ni Ampulex compressa, tó ń gbé ní ilẹ̀ olóoru Áfíríkà àti Éṣíà. Ara rẹ̀ ń dán bí góòlù aláwọ̀ ewé, itan ẹsẹ̀ àárín àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ sì pupa. Ìgbà méjì ló ń ta aáyán: ó kọ́kọ́ ta á ní igbáàyà kí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ lè rọ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá fi abẹ́rẹ́ wá ọpọlọ nínú orí rẹ̀ gan-an. Aáyán náà lè rìn, ṣùgbọ́n kò fẹ́ rìn fúnra rẹ̀ mọ́. Agbọ́n á gé ìwo orí rẹ̀ kúrò níbi ìdajì, á mu nínú omi ara tó ń jáde níbẹ̀, á wá di ìyókù mú, á sì máa fà á lọ sínú ihò bí ẹni fa ewúrẹ́. Níbẹ̀ ni yóò yé ẹyin sí i lẹ́sẹ̀, tí yóò sì kó pàǹtírí dí ẹnu ihò. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ben-Gurion ní Ísírẹ́lì, tí Frederic Libersat ṣáájú, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí ohun tí oró yìí ń ṣe sí ọpọlọ aáyán. Ẹni tó bá rí aáyán tó ń tẹ̀ lé agbọ́n jẹ́jẹ́ lórí símẹ́ǹtì kò rí àlùjọ̀nnú. Oró ló rí.

Ilé bébà lábẹ́ òrùlé

Agbọ́n tó yẹ kí èèyàn ṣọ́ra fún ni alájọgbé. Belonogaster wọ́pọ̀ nínú wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: ó gùn, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa rọ̀ sílẹ̀ bó bá ń fò. Abẹ́ òrùlé, abẹ́ àtẹ̀gùn àti ẹ̀yìn pátákó ló ń so ilé rẹ̀ rọ̀ sí, ojú yàrá á kọ sísàlẹ̀. Pákó gbígbẹ ló ń ha, tó ń fi itọ́ pò ó, ìyẹn bébà tirẹ̀. Ibi tó bá so ilé rọ̀ sí kì í ju okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ, nítorí pé eèrà ni ọ̀tá ìdin. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló rọrùn láti ṣọ́ ju ọ̀pọ̀ ọ̀nà lọ.

Émile Roubaud, ará ilẹ̀ Faransé tó wá ṣiṣẹ́ lórí eṣinṣin tó ń fa àrùn oorun ní Áfíríkà, títí kan Dahomey tó di Benin lónìí, ló kọ ìwé ńlá kan jáde lọ́dún 1916 lórí agbọ́n adáṣe àti alájọgbé ilẹ̀ wa. Ohun tó wù ú jù ni bí ìyá ṣe ń bọ́ ọmọ. Ó rí àwọn tó ń kó oúnjẹ pa mọ́ lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì ń tilẹ̀kùn lọ, ó rí àwọn adáṣe tó ń padà wá bọ́ ọmọ lójoojúmọ́, ó sì rí àwọn alájọgbé tó ń jẹ kòkòrò ajẹ-ewé lẹ́nu kí wọ́n tó fún ìdin. Nínú ìyàtọ̀ yìí ló ti wá ibi tí gbígbé pọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Alájọgbé kì í ṣàdédé léni. Ohun tó ń mi ilé rẹ̀ ló ń bí i nínú: jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tan lábẹ́ àtẹ̀gùn, pátákó tí wọ́n ń kan ìṣó mọ́, ìlẹ̀kùn irin tí wọ́n gbá pa. Ohun tó tún ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé agbọ́n kan náà tó ń dọdẹ ẹran á wá bà sẹ́nu ìgò mínírà. Ìdin ló nílò ẹran láti dàgbà. Àgbà agbọ́n, ohun dídùn ló fi ń rí okun fò.

Ibi tí amọ̀ ti di ewu

Agbọ́n tó ń fi amọ̀ dí ihò kì í pa èèyàn lára fúnra rẹ̀. Ibi tí ihò náà wà ló lè pa á lára. Pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed kò jìnnà sí Ọ̀tìgbà rárá, iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ló sì kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ tó dun jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 1996, ọkọ̀ Boeing 757 ti ilé iṣẹ́ Birgenair gbéra ní Puerto Plata ní orílẹ̀-èdè Dominican Republic, ó já sínú òkun, gbogbo èèyàn 189 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Ohun tó ń wọn eré ọkọ̀ náà ń parọ́ fún awakọ̀, torí pé ọ̀kan nínú àwọn páìpù kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ̀rọ náà ti dí. Ọkọ̀ náà ti dúró fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìfò, wọn kò sì fi ìbòrí sí àwọn páìpù náà. Wọn kò rí páìpù yẹn yọ nínú òkun, ṣùgbọ́n agbọ́n alámọ̀ ni àwọn olùwádìí fura sí jù.

Ní Brisbane ní Ọsirélíà, agbọ́n kékeré kan tó ti Amẹ́ríkà wá, Pachodynerus nasidens, ń ṣe irú rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ọkọ̀ Airbus A330 kan ní láti padà sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tó gbéra, torí pé agbọ́n ti kọ́lé sínú páìpù rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ tó fi dúró. Àwọn olùwádìí wá ṣe àwòṣe páìpù náà, wọ́n gbé wọn káàkiri pápákọ̀, wọ́n sì gbé àbájáde jáde lọ́dún 2020: láàárín oṣù 39, ìgbà 93 ni agbọ́n dí wọn pátápátá.

Ohun kan náà ló kan oníṣọ́ọ̀bù ní Ọ̀tìgbà àti oníléeṣẹ́ ní Ọ̀gbà tàbí Agége. Bí agbọ́n bá dí páìpù omi ẹ̀rọ amúlétutù, omi á padà sínú ilé, á sì kán sórí ọjà. Bí ó bá dí ẹnu sàléńsà jẹnẹrétọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ náà á kọ̀ láti tan. Amọ̀ tútù nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí iná wà nínú rẹ̀ burú ju méjèèjì lọ.

Ohun tó yẹ kí ará ọjà ṣe

Àkọ́kọ́, kí èèyàn wo irú ilé tó jẹ́. Bó bá jẹ́ amọ̀, tí agbọ́n kan ṣoṣo ń wọlé tó ń jáde, kò sí ìdí fún ìjà, alántakùn ló ń bá onílé dín kù. Bó bá jẹ́ ilé bébà tí agbọ́n pọ̀ lára rẹ̀ níbi tí èèyàn ń gbà kọjá, ó yẹ kí wọ́n mú un kúrò, kí wọ́n sì tètè ṣe é nígbà tó ṣì kéré. Alẹ́ ló dára, nígbà tí gbogbo wọn ti wọlé tí ara wọn ti wálẹ̀, kí ẹni tó máa ṣe é sì wọ aṣọ tó bo gbogbo ara.

Ohun tó ń bani lẹ́rù jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pẹtiróòlù àti iná. Ọjà tí wáyà, bátìrì fóònù, páálí àti jẹnẹrétọ̀ kún inú rẹ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń fi ògùṣọ̀ sun agbọ́n. Kòkòrò tí omi ọṣẹ lè pa kò yẹ kó jó ṣọ́ọ̀bù ogún èèyàn. Ibi tí iná mànàmáná bá sì wà, kí omi ọṣẹ pàápàá má débẹ̀ títí wọn yóò fi pa iná náà.

Ẹni tí agbọ́n bá ta, omi tútù lójú ibẹ̀ máa ń tó. Ṣùgbọ́n bí ètè tàbí ọ̀fun rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí èémí rẹ̀ ń há, tí òòyì ń kọ́ ọ, kí wọ́n má ṣe dúró wá àgbo. Ilé ìwòsàn LASUTH wà ní Ìkẹjà kan náà, kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Fún agbọ́n alámọ̀, ìdènà kò gba owó: ìdérí fún sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọn ò lò, nẹ́ẹ̀tì wẹ́wẹ́ lẹ́nu páìpù, pọ́tì nínú ihò ìṣó. Ilé amọ̀ tó ti wà lára ògiri tẹ́lẹ̀, kí wọ́n wo ojú rẹ̀ dáadáa. Bí gbogbo yàrá rẹ̀ bá ti ní ihò róbótó, àwọn ọmọ ti jáde, wọ́n lè fi ọ̀bẹ ha á kúrò nígbàkigbà. Bí ojú rẹ̀ bá ṣì dí, tí kò sì sí níbi tó lè ṣe ọjà tàbí iná ní jàǹbá, kí wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i.